Òṣùká Orí Òpó: Bí A Ṣe Ń Gbẹ́ Ìpàtẹ Mùsíọ́ọ̀mù

Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ìyá tó ń ta tòmátò lọ́jà Ayédé, ní Èkìtì, ti parí ìpàtẹ tirẹ̀. Kò da ọjà sílẹ̀ bó ṣe jáde látinú apẹ̀rẹ̀. Ó ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó pọ́n tó sì le bọ́ síwájú àtẹ, èyí tó ti ń rọ̀ bọ́ sápá kan fún àwọn tó máa lọ̀ ọ́ lónìí. Ó tò wọ́n ní òkìtì kéékèèké kí ẹni tó ń kọjá lè mọ ibi tí owó ọwọ́ òun dé láìbéèrè. Ó mọ ibi tí oòrùn yóò gbà yọ, ó sì ti yí agboòrùn síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò ní gbogbo àsìkò yẹn: kí ni mo fẹ́ kí ojú oníbàárà kọ́kọ́ bà lé?

Ìpàtẹ inú mùsíọ́ọ̀mù, ìyẹn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò jìnnà sí ti ìyá yìí. Àmọ́ àlejò mùsíọ́ọ̀mù kì í di nǹkan sínú ọ̀rá lọ sílé. Ohun tó rí, tó gbọ́, tó sì yé e ni ẹrù rẹ̀. Bó bá jáde lọ́wọ́ òfo, ọjà ò tà nìyẹn, bó ti wù kí ohun tí a kó síbẹ̀ níye lórí tó.

Mo ti dúró rí níwájú orí Ẹpa kan nínú mùsíọ́ọ̀mù kan tí n kò ní dárúkọ. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n gbé e sí, nílẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ń wo jagunjagun orí ẹṣin tó wà lókè rẹ̀ bí ẹyẹ ṣe ń wo òrùlé. Bébà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sọ pé ìbòjú ni, igi ni wọ́n fi ṣe é, Èkìtì ló ti wá. Gbogbo rẹ̀ jóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti rí Ẹpa lójú agbo mọ̀ pé Ẹpa kò sí nínú àpótí yẹn. Apá méjì ni orí Ẹpa ní: ìkòkò, tó máa ń bo orí ẹni tó ru ú mọ́lẹ̀, àti ère tó dúró lórí ìkòkò náà. Àwọn mìíràn ga ju mítà kan lọ, wọ́n sì wúwo ju 20 kìlógíráàmù. Ọ̀dọ́kùnrin ló ń gbé e, màrìwò tútù á bò ó lára, ìlù á máa dún, yóò sì fi gbogbo ẹrù yẹn fò gun òkìtì. Bó bá ṣubú, inú ìlú kò ní dùn. Ẹni tó gbẹ́ ère yẹn mọ̀ pé ìsàlẹ̀ làwọn èèyàn yóò ti máa wò ó, pé yóò máa mì, pé oòrùn yóò máa bọ́ sí ojú rẹ̀ tí yóò tún máa kúrò. Kò gbẹ́ ẹ fún ẹni tí yóò na ọrùn wò ó látòkè nínú yàrá tó dákẹ́.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe ìpàtẹ tó máa sọ̀rọ̀? Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ kò jìnnà sí Ayédé rárá. Lọ́dún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll sì wà lára àwọn tó ń bójú tó o. Ibẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Arẹògún ará Ọ̀sì, ti ń gbẹ́ igi. Ibẹ̀ náà ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1954 ibi iṣẹ́ náà kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ Fákẹ́yẹ ti ibẹ̀ kan gbogbo ayé.

Àwọn agbẹ́gilére wa pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: àáké ni wọ́n fi ń la igi títí a ó fi rí ibi tí orí wà, ibi tí ara wà, ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ìkejì ni àlétúnlé: ojú, etí àti ọwọ́ á wá bọ́ sípò wọn. Ìkẹta ni dídán, tí ara igi á máa jọ̀lọ̀. Ìkẹrin ni fínfín, tí wọ́n ń fi ẹnu ọ̀bẹ la irun, ìlẹ̀kẹ̀ àti ilà ojú. Ẹni tó bá fẹ́ fín irun sórí kúńdùú igi tí kò tíì lé, àṣedànù ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàtẹ rí. Ọ̀pọ̀ ìpàtẹ tó kùnà, orí fínfín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ra iná aláwọ̀ mèremère àti tẹlifíṣọ̀n ńlá kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Nínú ìpàtẹ, gbólóhùn kan ni ọnà lílé. Beverly Serrell, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí àkọlé mùsíọ́ọ̀mù ní 1996, tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo ẹni tó ń ṣe ìpàtẹ fi ẹnu kò lórí gbólóhùn kan ṣoṣo, tó sọ ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, ohun tó ṣe, àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ ká mú Ayédé ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ lo yàrá ìkàwé kan fún ìpàtẹ. “Ìtàn Ayédé” kì í ṣe gbólóhùn. Orúkọ lásán ni, gbogbo nǹkan ló sì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé láàrin ọ̀rúndún 19, nígbà tí ogun Tápà ń da apá àríwá Èkìtì láàmú, Èṣùbíyì, akọni jagunjagun, kó àwọn ará Iye àti àwọn tó sá wá láti ibòmíràn jọ sí Ayédé, ó sì di Attah, ọba wọn. Nínú ìyẹn a lè la gbólóhùn kan jáde: àwọn tí ogun lé kúrò nílé ru ẹrù wọn wá sí Ayédé, ẹrù wọn ló sì di ìlú.

Nígbà tí gbólóhùn yìí bá ti dúró, àáké ti wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí kò bá kan ẹrù, kò gbọdọ̀ wọlé. Kẹ̀kẹ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ kò ní wọlé, àyàfi tó bá ru nǹkan. Àwòrán àwọn tó dá owó ìpàtẹ náà kò ní wọlé. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń le jù ní ìlú wa, nítorí kò sí ìdílé tí kò fẹ́ kí bàbá wọn wà lára ògiri. Ẹni tó ń ṣe ìpàtẹ gbọ́dọ̀ lè dọ̀bálẹ̀ kó sì wí pé: “Bàbá, ẹ ṣeun. Àwòrán yìí dára. A ó tọ́jú rẹ̀ de ìpàtẹ tó máa bá a mu.” Bí kò bá lè sọ ọ́, ìpàtẹ náà á padà di ìwé ìrántí òkú.

Kí wá ni à ń kó wọlé? Àlétúnlé ti dé nìyí. À ń lọ láti ilé dé ilé, à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà pé kí ni wọ́n gbọ́ pé ìyá ìyá wọn rù wá. Ìkòkò lè wà níbẹ̀, àdó, ọlọ, irin àgbẹ̀dẹ, irúgbìn iṣu. Àwọn ẹrù kan wà tí kò ní ìwúwo: oríkì, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ, èèwọ̀ ìdílé, orúkọ àdúgbò tí wọ́n fi sílẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀, nítorí orin jẹ́ ohun ìpàtẹ bí ìkòkò ṣe jẹ́.

Ẹrù kan tún wà tí gbogbo Ayédé mọ̀. Yemọja ni òrìṣà ọba níbẹ̀, ìtàn sì sọ pé Èṣùbíyì ló mú un wá. Nígbà ọdún rẹ̀, olórí àwọn ìyá olórìṣà máa ń ru igbá láti inú igbó wá sí ààfin kí ìbùkún lè kan Kábíyèsí. Orí ló fi ń gbé e. Igbá náà kò gbọdọ̀ ṣubú, ojú gbogbo ìlú sì ń tẹ̀ lé e ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù láàbọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ fẹ́ ni igbá yẹn nínú gíláàsì. Ó ṣìnà. Awo ni, kì í ṣe ohun àfojúwò, kò sì sí ìpàtẹ tó dára débi tí yóò fi tú awo ẹlòmíràn ká. Yàtọ̀ sí ìyẹn, igbá tó jókòó jẹ́ẹ́ kò lè sọ ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn ìlú máa lù kìkì. Ohun tí mo máa fi síbẹ̀ ni òṣùká: aṣọ tí a ká bí òrùka, tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti pọn omi rí mọ̀ mọ́ àtàrí rẹ̀. Ẹ gbé e sórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, gíga rẹ̀ bá orí àgbà obìnrin dọ́gba, kí òkè rẹ̀ ṣófo. Ẹ máà fi nǹkan kan lé e. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò fi ọkàn ara rẹ̀ gbé ẹrù sórí òṣùká náà, ọrùn rẹ̀ á sì rántí. Kí a tó ṣe ìyẹn pàápàá, a gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn ìyá olórìṣà nílé, ká ṣàlàyé, ká sì fara mọ́ ọn bí wọ́n bá ní rárá. Àṣẹ wọn wà lára ìpàtẹ.

Bí ohun kan bá wà níwájú wa, ìtàn tí a yàn fún un ló ń sọ ohun tó jẹ́. Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, ló gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba ìlú náà, láàrin 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ ọba lórí ìtẹ́, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, tí àwọn alárù gbé wá. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò gba owó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Ní Wembley, ìpàtẹ náà ń sọ pé ẹ wo bí ilẹ̀ tí à ń ṣàkóso ṣe pọ̀ tó. Ní ẹnu ọ̀nà Ògògà, ilẹ̀kùn kan náà ń sọ pé òyìnbó wá, ọba jókòó. Igi kò yí padà. Ibi tó dúró ló yí padà. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí pé kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ohun náà ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó béèrè ọdún rẹ̀.

Bí a bá padà sọ́dọ̀ orí Ẹpa tó wà nínú gíláàsì, ọ̀nà àbáyọ ti hàn. Ẹ gbé e sókè dé ibi tí orí ọ̀dọ́kùnrin gbé e dé. Ẹ fi màrìwò gidi sábẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ. Ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè bọ́ sí ojú ère. Ẹ kó iyanrìn tó wúwo tó orí Ẹpa sínú àpò kan, kí àlejò gbìyànjú láti gbé e. Kò sí èyí tó gba owó ńlá nínú wọn. Nígbà tí àwọn èèyàn bá sọ pé ìpàtẹ tuntun, ẹ̀rọ ni wọ́n sábà ń rò, ṣùgbọ́n ní ibi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tó kú jẹ́ ihò dúdú láàrin yàrá. Èmi fara mọ́ àpò iyanrìn.

Dídán ni àyẹ̀wò, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fò. Kí a tó fi pátákó gidi ṣe ohunkóhun, páálí ni ká fi ṣe é. Ká gé páálí ní ìwọ̀n ohun tí a fẹ́ gbé kalẹ̀, ká fi bírò kọ àkọlé sí i lára, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ká pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, ìyá kan tí kò mọ̀wé, ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò. Ká má ṣàlàyé nǹkan kan. Ká kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ ká máa wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti dúró àti ibi tí wọ́n ti yára kọjá. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ìbéèrè kan tó: “Kí lẹ máa sọ nílé pé ẹ rí?” Bí ìyá yẹn bá dáhùn pé òun rí ìkòkò àtijọ́, a kò tíì ṣiṣẹ́. Bó bá sọ pé òun rántí ìyá òun, a ti ń débẹ̀. Exploratorium, mùsíọ́ọ̀mù sáyẹ́ǹsì tí Frank Oppenheimer dá sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1969, sọ ọ̀nà yìí di àṣà: gbangba ni wọ́n ti ń kan nǹkan wọn, lójú àlejò, wọ́n sì ń tú u tún ṣe bí àlejò kò bá lóye rẹ̀. Páálí kì í tijú. Pátákó tí a ti fi owó gọbọi ṣe ló máa ń ṣòro láti fa ya.

Ìgbà àyẹ̀wò yìí náà la ń mọ ìwọ̀n. Bí àwòrán bá wà lára ògiri, kí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ́ kí ọmọdé rí, kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí àyè tó wà láàrin tábìlì gba kẹ̀kẹ́ arọ. Kí ìjókòó wà, nítorí àwọn àgbà tó ni ìtàn gan-an ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń ro.

Fínfín ni ọ̀rọ̀, iná àti kòkòrò.

Orí ìdúró làwọn èèyàn ti ń ka àkọlé, ọmọ ń fà wọ́n láṣọ, ojú wọn sì ti ń wo ohun tó kàn. Nítorí náà, nǹkan bí 50 ọ̀rọ̀ tó fún ohun kan. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tọ́ka sí ohun tí ojú lè rí: ibi tí etí ìkòkò ti já, ibi tí ọwọ́ ti mú kí igi dán. Ọdún àti ìwọ̀n lè wá lẹ́yìn. Èdè ńkọ́? John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá ní Oníkan, Èkó, tí ìjọba ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ti fi ohun ńlá lélẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: Yorùbá ló ṣáájú lára ògiri rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Ṣeun Odùwọlé ló ya àwòrán ilé náà. Will Rea, tó ti ṣe ìwádìí lórí eégún ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, wà lára àwọn tó darí ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn pé ohun tí wọ́n kọ́ ní àdúgbò wa dé Oníkan. Ní Ayédé, mo máa fẹ́ kí a tún sún síwájú díẹ̀: kí ohùn àgbà tó ń tinú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ jẹ́ ohùn Èkìtì, kí iṣu jẹ́ uṣu, kí igi jẹ́ ugi. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ilé ìyá àgbà òun àti mùsíọ́ọ̀mù ń sọ èdè kan náà.

Ti iná, ẹni tó bá ti rí aṣọ tí wọ́n so kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan ti mọ̀ ọ́n: apá tó kọjú sóòrùn á ṣá, inú ìṣẹ́po á ṣì máa dán. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá mú lọ kì í padà. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000, nígbà tí àwọn amọ̀ṣẹ́ ń gba 50 péré láyè fún aṣọ òfì, àdìrẹ àti ìwé. Nítorí náà aṣọ kò gbọdọ̀ dojú kọ fèrèsé, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kó lè sinmi nínú òkùnkùn.

Ti kòkòrò, ẹ má ṣe jẹ́ kí igi fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, ọ̀nà ikán nìyẹn. Ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ̀ ère kan, kí ẹ nu ún mọ́, kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Bí ìyẹ̀fun igi bá tún wà lórí bébà náà, kòkòrò wà láàyè nínú rẹ̀. A máa ń fi ọ̀rá wé irú igi bẹ́ẹ̀ pinpin, a óò gbé e sínú fírísà tó tutù dé -20°C fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, a kò sì ní tú ọ̀rá náà títí otútù yóò fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ó gba iná tí kì í ṣẹ́jú. Bí igi náà bá ní ọ̀dà lára, ẹ kọ́kọ́ bi amọ̀ṣẹ́.

Irú amọ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ju bí a ṣe rò lọ. Ní Jos ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù láti àwọn ọdún 1960. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní École du Patrimoine Africain ti ń ṣiṣẹ́ kan náà láti 1998. Èsìẹ́, níbi tí ère òkúta ju 800 lọ wà, ti ní mùsíọ́ọ̀mù láti 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọjọ́ kan náà sì ni èèyàn lè fi lọ kó fi bọ̀ láti Ayédé. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ mú ìwé àti gègé lọ síbẹ̀, kó má kọ ohunkóhun nípa ère fún wákàtí kan. Kó kọ ohun tí àwọn àlejò ń ṣe.

Mo ti ń gbìyànjú àkọlé òṣùká náà lọ́jọ́ pípẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé kan gbáko, pẹ̀lú ogun Tápà, Èṣùbíyì àti ìtàn òrìṣà. Mo lé e, mo tún un lé. Èyí tó kù nìyí, ní ìsàlẹ̀ òpó, níbi tí òṣùká kejì wà fún ọwọ́ àlejò:

“Gbé òṣùká yìí lé orí rẹ. Máà fi ọwọ́ kàn án mọ́. Rìn dé ẹnu ọ̀nà kejì, ìṣísẹ̀ méjìlá ni. Àwọn tó dá ìlú yìí sílẹ̀ rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù sì wà lórí tiwọn.”